Ọjọ́ Tí Àwòrán Dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní ọmọge, tí ọrùn mi ṣì ń dán, tó jẹ́ pé abẹ́ Oǹdó ni gbogbo Èkìtì wà, tí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìjọba á wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́… ẹ gbọ́ o, ẹ pa fóònù yẹn. Nígbà náà, ọkùnrin kan ṣoṣo ló wù mí fẹ́. Tíṣà ni, Ìjerò ló ti ń kọ́ni. Bàbá àgbà yín náà ni.

Ọkùnrin yẹn dára, àmọ́ ó ní wèrè díẹ̀. Wèrè àwòrán. Ó ra ìwé kọ́míìkì kan n'Ìbàdàn, àwọn ìwé tí wọ́n ń fi àwòrán sọ ìtàn yẹn. Ìtàn inú rẹ̀ kọ́ ló dùn mọ́ ọn o, èèpo ìwé ni. Ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, ó wọ kóòtù dúdú, òjò ń rọ̀ lé e lórí, ojú ọ̀run pọ́n bí epo. Ó na ìbọn sí ẹni tó ń wò ó. Àwọn olè ló pa àbúrò rẹ̀, ọlọ́pàá ò rí wọn mú, ló bá gbé ìbọn, ó ń wá wọn kiri fúnra rẹ̀.

Kí ni tíṣà ṣe? Ó gbé ìwé náà tọ ọmọ Ìwó kan lọ, tó máa ń kun ara ọkọ̀ n'Ìjerò. "Bá mi yà á kó tóbi." Onítọ̀hún yà á sára pákó, ó ga tó ilẹ̀kùn! Wọ́n gbé e ti ògiri pálọ̀. Bí mo bá yọjú sí i lọ́jọ́ ọjà, á máa jẹun, á máa wò ó. "Wo bí omi òjò ṣe ń kán létí fìlà rẹ̀. Wo èékánná ọwọ́ rẹ̀." Mo ní, "Ẹ jẹun jàre, iyán ń tutù."

Bàbá mi ńkọ́? Olórí ọdẹ ni, n'Ìlogbò. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n, ọkùnrin líle ni. Nígbà náà a kì í fọmọ fún ẹni tí a ò wádìí ilé rẹ̀, kì í ṣe bíi tòní tí ẹ ń pàdé lórí ẹ̀rọ. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ibi tí n óò máa sùn. Òun, èmi, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyá Erio, la jọ wọkọ̀ lọ.

Ojú Ìyá Erio ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Bó ṣe wọlé, ó kúnlẹ̀ fún pákó. "Ẹ kú ilé o, àna wa." Pákó ò dáhùn. Ó ní, "Ṣé ìgbéraga nìyí?"

Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó sún sọ́tùn-ún, ẹnu ìbọn tẹ̀ lé e. Ó sún sósì, ó tẹ̀ lé e. Ó ní, "Ta lẹni tó na ìbọn sí mi nínú ulé yìí?"

Tíṣà sáré jáde láti yàrá, ó ní, "Bàbá, àwòrán ni."

"Ṣé mo bi ọ́ pé kí ni? Mo ní ta ni!"

Láàrin àwọn ọdẹ, èèwọ̀ ni. Bí o bá wọlé, ẹnu ìbọn rẹ á wo ilẹ̀. Ẹni tó bá na ìbọn séèyàn, ì báà má sí ẹ̀tù nínú rẹ̀, ó ti ṣẹ̀. Bàbá ní kí tíṣà wá ọ̀dà funfun, kó pa ìbọn náà rẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sọ́mọ fún un.

Mo wo tíṣà, mo ń fojú bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí. Bí a bá pa ìbọn yẹn rẹ́, á dà bí ẹni tó ń ṣagbe nínú òjò."

Yéè! Ṣé pákó lo fẹ́ fẹ́ ni àbí èmi? Bàbá mi ti kẹ̀yìn sí wa, ó forí lé ibùdókọ̀. Mo bú sẹ́kún.

Ìyá Erio ló gbà wá. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ o, kò sẹ́ni tó rántí gbé e dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹni tó bá ṣẹ àna rẹ̀, kí ni í ṣe? Ṣebí ó máa ń dọ̀bálẹ̀ ni!"

Bàbá mi padà wá. Ó ronú… Ó ní, "Òótọ́ ni."

Ni tíṣà bá gbé pákó, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ níwájú bàbá mi, gbalaja. Òun náà dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá wo àwọn méjèèjì. Ó fọwọ́ kan tíṣà lẹ́yìn, ó fọwọ́ kan pákó lẹ́yìn. "Ẹ dìde. Mo ti gbọ́."

Ìgbà tí wọ́n gbé pákó nàró ni Bàbá tó wò ó dáadáa. Ó sún mọ́ ọn, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ya eléyìí mọṣẹ́. Wo ojú rẹ̀. Ó ti sunkún tán kó tó gbébọn. Ọba wo ló rán an?"

"Kò sẹ́ni tó rán an, Bàbá. Òun nìkan ni."

"Kò lọ́ba, kò lẹ́gbẹ́?" Àánú ṣe bàbá mi, mo rí i lójú rẹ̀. "Ọdẹ tí ò ní ẹni tí yóò jíhìn fún, kò ní í pẹ́ tí yóò fi ṣìnà. Láti òní lọ, èmi ni kó máa jíhìn fún."

Ẹ wá gbọ́ nǹkan! Lọ́jọ́ ìdána, bàbá ní ẹni méjì ló dọ̀bálẹ̀ fún òun, ẹni méjì lòun fẹ́ rí. Wọ́n so pákó mọ́ orí ọkọ̀ láti Ìjerò. Nígbà tí wọ́n ń kọjá ní abúlé kan lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn ju ẹrù sílẹ̀, wọ́n sá wọgbó, wọ́n ní adigunjalè ń bọ̀ lórí ọkọ̀. Ó dé Ìlogbò láyọ̀. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló gbé iyán síwájú rẹ̀.

Haà, ayé ti yí. Wálé, ìwọ ni mò ń bá wí, má wolẹ̀. Wọ́n ní níbi ìdána rẹ lọ́jọ́ Sátidé yìí, ṣe lo fẹ́ bọ bàbá ìyàwó rẹ lọ́wọ́, nítorí kí aṣọ rẹ má baà rún. Kí aṣọ má baà rún! Ojú mi yìí náà ni mo fi rí i, ọmọ mi… pákó dọ̀bálẹ̀.