Àpò Egungun Tó Wọ Ìkòkò Ọbẹ̀ Ọdún

[Fóònù ń dún. Ariwo alùpùpù.]

ODILON: Màmá, ẹ kú ọdún o!

MÀMÁ: A kú ọdún, ọmọ mi. Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé. Ibo lo wà? Àlejò ẹ ti dé!

ODILON: Dókítà Péralte? Táyà mi ló jò nílùú Jacmel. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MÀMÁ: Mo gbọ́. Obìnrin yẹn mọ oúnjẹ jẹ! Abọ́ ọbẹ̀ elégédé kejì ló ń lá lọ yìí.

ODILON: Ó dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní àpò ìrẹsì tí mo gbé sẹ́yìn ìlẹ̀kùn kíṣìnnì lánàá—

MÀMÁ: Èyí tí àǹtí ẹ fi ránṣẹ́?

ODILON: Àǹtí wo?

MÀMÁ: Zulmé náà ni. Ṣebí ọdọọdún ló ń fi egungun màlúù ránṣẹ́ fún ọbẹ̀ ọdún. Àmọ́ ti ọdún yìí, háà! Láti ìdájí ni mo ti ń sè é, kò rọ̀. Màlúù wo ló kéré báyẹn?

[Nǹkan kan já bọ́ lulẹ̀ lọ́dọ̀ Odilon.]

MÀMÁ: Odilon? Ṣé o gbọ́ mi?

ODILON: Mo gbé! Màmá, kì í ṣe màlúù! Egungun ẹranko tí mo wú nínú ihò àpáta nìyẹn! Èyí tó ń wọ́ rìn, eléèékánná gígùn, tí kò ju ajá lọ. Ó ti kú run láyé láti ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan!

MÀMÁ: Ẹgbẹ̀rún—? Abájọ tí kò fi lọ́ràá!

ODILON: Torí ẹ̀ ni Dókítà, onímọ̀ egungun àtijọ́, fi wá! Bó bá rí párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, apá méjèèjì, ó máa gbà mí síṣẹ́. Bí kò bá rí i, mo padà sídìí ọ̀kadà nìyẹn!

MÀMÁ: Ta ní ń kó òkú ẹran sí kíṣìnnì nígbà tí ọdún ku ọ̀la? Ìwọ lo jẹ̀bi!

ODILON: Ẹ gba abọ́ lọ́wọ́ ẹ̀!

MÀMÁ: Kí n gba abọ́ lọ́wọ́ àlejò, lónìí? Èèwọ̀! Ó ti— yéè! Ó ti yọ egungun kan lẹ́nu. Ó ń fi etí aṣọ nù ún. Odilon, ó ń sunkún.

ODILON: Iṣẹ́ ti bọ́!

MÀMÁ: Rárá, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó ní apá kan párì nìyẹn, eyín ẹ̀ pé! Ó ní òun ò rí èyí tó mọ́ tóyẹn rí!

ODILON: Ọpẹ́ o!

MÀMÁ: Ó ń bèèrè apá kejì.

ODILON: Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìkòkò!

MÀMÁ: Mo ti rò ó títí. Kò sí. Ṣé o gbọ́ mi? O mọ̀ pé ọbẹ̀ ọdún, dandan ni ká bù ú fún aládùúgbò.

ODILON: Ta lẹ gbé e fún?

MÀMÁ: Pásítọ̀ Exumé nìkan.

ODILON: [Ó mí kanlẹ̀.] Ó dáa. Pásítọ̀ ò léyín. Kò lè jẹ egungun.

MÀMÁ: Òun náà mọ̀. Ajá ẹ̀ ló máa ń—

[Ìlà já.]