Mo Yí Àmì Lẹ́ńsì Ọ̀gá Mi, Ó sì Gbà Pé Ojú Òun Ló Bàjẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọdún mẹ́ta ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi, mi ò sì sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ohun tó mú mi kọ ọ́ sójú ewé yìí lónìí ni pé ọkùnrin tí mo ṣẹ̀ ń bọ̀ wá ṣàdúà sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀. Òní ni Ọjọ́rú. Mi ò lè dá a gbé mọ́.

Ẹ máa pè mí ní Sàrátù, bí kò tilẹ̀ jẹ́ orúkọ mi. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, bàbá mi ń hun aṣọ òkè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ fọ́tò ló wù mí. Ìlú Ṣakí ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ bàbá kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ níbẹ̀. Alhaji la máa ń pè é. Nínú ìwé yìí, Ọ̀gá ni màá pè é, nítorí ọ̀gá mi ni, bí inú ṣe ń bí mi tó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ìwà burúkú mi ti wọlé. Àwọn ayafọ́tò yòókù ń lo lẹ́ńsì ńláńlá tó ń fúnra rẹ̀ wá ojú èèyàn. Kámẹ́rà ìgbàlódé kékeré ni ti Ọ̀gá, lẹ́ńsì iwájú rẹ̀ kò ju ìdérí fúláàsì omi gbígbóná lọ. Lẹ́ńsì náà kì í fa nǹkan mọ́ra, ẹsẹ̀ lẹ ó fi sún mọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ yà. Ọwọ́ lẹ ó sì fi yí òrùka ara rẹ̀ kí fọ́tò tó lè mọ́. Etí kékeré kan wà lábẹ́ òrùka yẹn tí àtàǹpàkò máa ń bà lé. Bí etí yẹn bá wà nísàlẹ̀ gan-an, ẹni tó wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta ló máa mọ́. Bí ẹ bá tì í sápá òsì, ẹni tó wà ní ìṣísẹ̀ márùn-ún ni.

Ọ̀gá ní àṣírí kan tí èmi nìkan mọ̀. Kò ríran nítòsí mọ́. Ó ń rí òkèèrè dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tó wà lójú kámẹ́rà, bàìbàì ló ń rí i, kò sì fẹ́ kí oníbàárà rí òun pẹ̀lú awò ojú. Ojú lásán ló fi ń wọn ìṣísẹ̀, àtàǹpàkò ló fi ń mọ etí lẹ́ńsì. Ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, kó wo lèmọ́mù lẹ́ẹ̀kan, kó ní, "Márùn-ún," kó sì yà á. Lẹ́yìn náà á gbé kámẹ́rà sókè bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, á wá na án sí mi. "Sàrátù, ṣé ó mọ́?" Èmi á wò ó. "Ó mọ́, Alhaji." Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣe fún mi.

A lọ síbi yìgì kan ní Ṣakí. Yàrá kan wà tí wọ́n ti ń múra fún ìyàwó, ọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ọ̀gá gbé kámẹ́rà lé mi lọ́wọ́, ó jókòó síta pẹ̀lú àwọn bàbá. Nínú yàrá yẹn ni mo ti rí ìyá àgbà ìyàwó, arúgbó tí kò ní eyín mọ́, tó ń wé ìborí fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, àdúà ló ń ṣe. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé láti ojú fèrèsé, ó bọ́ sí wọn lójú. Mo wọn ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Mo dá èémí dúró. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tẹ̀ ẹ́.

Fọ́tò yẹn rìn ju èmi alára lọ. Àwọn tó wà ní Èkó fi ránṣẹ́ padà sí wa lórí fóònù. Ẹgbẹ́ àwọn ayafọ́tò àdúgbò wa sọ ọ́ di ńlá, wọ́n gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣèpàdé, wọ́n kọ orúkọ Ọ̀gá sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n pè é jáde, wọ́n fún un ní àwo ìdánilọ́lá. Ẹ̀yìn ni èmi jókòó, mò ń ṣọ́ báàgì. Wọ́n ní kó sọ bó ṣe yà á. Ó ní ọwọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni. Gbogbo àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́, kò sí èyí tó béèrè bí bàbá onírùngbọ̀n ṣe dé yàrá obìnrin. Mo ń retí kó yí ọrùn síbi tí mo wà. Kò yí i.

Lójú ọ̀nà, lẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀, mo sọ fún un. Mo ní, "Alhaji, èmi ni mo ya fọ́tò yẹn." Ó ní, "Ta ló ni kámẹ́rà? Ta ló kọ́ ọ?" Nígbà tí àkókò fúrídọ́ọ̀mù mi pé lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó ní mi ò tíì mọ iṣẹ́, ó fi ọdún kan kún un. Mo mọ ìdí rẹ̀. Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa sọ fún un pé ó mọ́?

Ìyẹn ló mú mi le. Mo ní màá fi ohun tó fi dá mi dúró yẹn gan-an bá a wí.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ṣe é nínú ìbínú òjijì. Mo rò ó dáadáa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Ọ̀gá lọ kírun Àílà, mo yá irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ń tú agogo ọwọ́ lọ́wọ́ alágogo tó kọjú sí wa. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló di òrùka lẹ́ńsì yẹn mú, wọn ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo dẹ̀ wọ́n. Mo sún òrùka náà díẹ̀, kò ju ìbú hóró ìrẹsì kan lọ. Mo tún dè é padà, mo nù ún, mo sì gbé e síbi tó wà. Nígbà tí Ọ̀gá dé, mo bu omi fún un mu.

Láti ọjọ́ náà, ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ mọ̀ sí ìṣísẹ̀ mẹ́ta kì í ṣe ìṣísẹ̀ mẹ́ta mọ́. Nínú oòrùn, ihò lẹ́ńsì máa ń kéré, àṣìṣe kì í hàn. Nínú ilé tó ṣókùnkùn, tí ẹ bá ní láti ṣí ihò yẹn sílẹ̀ gbàgà, ibẹ̀ ló ti máa hàn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà òjò ni mo sì mú.

Yìgì ọmọ ọlọ́lá kan ló kàn, nínú gbọ̀ngàn. Òjò ṣú, iná lọ. Ọ̀gá dúró níwájú ìyàwó, ó wọn ìṣísẹ̀, ó yà á, ó na kámẹ́rà sí mi. "Sàrátù, ṣé ó mọ́?" Mo wò ó, mo fẹ̀ ẹ́ lójú kámẹ́rà. Ojú ìyàwó rí bàìbàì bí ẹni tó wà lẹ́yìn èéfín. Kọ́tìnì ẹ̀yìn rẹ̀ ló mọ́, ẹ lè ka òdòdó ara rẹ̀. Mo ní, "Ó mọ́, Alhaji. Ó mọ́ dáadáa."

Títí wọ́n fi túká ló ń bi mí, títí wọ́n fi túká ni mo ń dá a lóhùn. Nọ́ọ̀tì, ọwọ́ mi ló yí i. Èyí, ẹnu mi ni. Ó sì dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní ó mọ́, ó ń ṣe mí bí ẹni tó ń mu omi tútù nínú oòrùn.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó kó àwọn fọ́tò náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì. "Bàbá, àbí ẹ ò ríran ni?" Àwọn èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò. Ọ̀gá kó wọn bọ́ sínú oòrùn, ó na ọwọ́ jìnnà, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá kọjú sí mi. Ó ní, "O ní ó mọ́." Mo ní, "Alhaji, lójú kámẹ́rà kékeré yẹn, ó jọ pé ó mọ́ ni." Mo rò pé á bú mi. Kò bú mi. Ó ní, "Ìwọ kọ́. Ojú mi ni kò mọ ìṣísẹ̀ mẹ́ta mọ́."

Ọjọ́ kan péré ni mo ní kí ojú tì í. Mo ti ní in lọ́kàn pé màá dá òrùka náà padà. Mi ò dá a padà. Ó tún ya ìsọmọlórúkọ kan, bàìbàì. Ó ya wòlímọ̀ kan, bàìbàì. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi dẹ́kun pípè é.

Ìyàwó rẹ̀, tí a ń pè ní Ìyá Làtífù, mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ní awò ìkàwé nìkan ló nílò, pé òkèèrè tó ń rí kò ní wàhálà kankan. Ọ̀gá kò gbà. Ó ní dókítà kò mọ ohun tó ń sọ, pé ṣé fọ́tò tí òun fi ọwọ́ ara òun yà ló ń parọ́ fún òun ni? Ó fi ọ̀kadà rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n kó lọ sí Ìgbòho, lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin. Mo gbọ́ pé wọ́n ń fà á lọ́wọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí báyìí. Ọkùnrin tó lè rí ẹyẹ lórí igi àràbà, ẹ̀rù ń bà á láti fo gọ́tà.

Kó tó kó lọ, ó pe àwọn èèyàn jọ, ó fún mi ní fúrídọ́ọ̀mù. Ó fi lẹ́ńsì yẹn sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ní, "Ìwọ lo fi ojú rẹ sìn mí." Mo sunkún, wọ́n ní mo fẹ́ràn ọ̀gá mi. Ìtìjú wà nínú ẹkún yẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo tún ń dẹ etí, bóyá á dárúkọ fọ́tò ìyá àgbà yẹn. Kò dárúkọ rẹ̀. Ẹkún mi gbẹ lójú ẹsẹ̀. Mo sọ nínú ara mi pé ó tọ́ sí i.

Mo padà sí Ìsẹ́yìn, mo lọ́kọ, mo sì ti gba ṣọ́ọ̀bù báyìí. Lẹ́ńsì Ọ̀gá ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Mi ò dá òrùka náà padà láti ọjọ́ náà. Ojú kámẹ́rà lèmi ń wò bí mo bá ń yí i, nítorí náà irọ́ tó wà lára rẹ̀ kò dí mi lọ́wọ́. Ọ̀gá nìkan ló wà fún.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Ìyá Làtífù pè mí. Ó ní, "Sàrátù, bàbá rẹ, Alhaji, ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọn á wá bá ọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní kó o jẹ́ kí àwọn fi lẹ́ńsì yẹn ya fọ́tò kan péré, ìwọ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ, kí àwọn tó gbàgbé iṣẹ́ náà pátápátá." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ fọ́tò ìyá àgbà yẹn ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Wọ́n fẹ́ sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé ìwọ lo yà á."

Mo jókòó sílẹ̀. Gbólóhùn yẹn ni mo ti ń retí láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣọ́ báàgì. Nígbà tó dé, inú ló bí mi. Kí ló dé tí kò sọ ọ́ nígbà náà? Ká ní ó yí ọrùn lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan. Mo fẹ́ máa bínú sí i lọ, òun sì ń bọ̀ wá gba ìbínú yẹn lọ́wọ́ mi. Ó fẹ́ sọ tirẹ̀ lójú ayé. Tèmi ló kù nínú òkùnkùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé mi. Inú ṣọ́ọ̀bù mi kò mọ́lẹ̀ púpọ̀. Bí mo bá fi lẹ́ńsì yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, fọ́tò kan péré tó ní òun fẹ́ yà, á rí bàìbàì lójú àwọn àna mi, á sì gbé ìyẹn padà sí Ìgbòho títí ọjọ́ ikú. Bí mo bá dá òrùka náà padà, fọ́tò náà á mọ́. Ọ̀gá kì í ṣe òmùgọ̀. Á bi ara rẹ̀ léèrè pé ibo lojú òun ti rí ìwòsàn, á sì wò mí. Bí mo bá sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́, ọkọ mi wà níbẹ̀, bàbá mi wà níbẹ̀.

Mi ò kábàámọ̀ pé mo ṣe ohun tó dùn ún. Ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́. Ó yẹ kó dùn ún. Ohun tí mi ò lè gbà ni ọwọ́ tí wọ́n fi ń fà á lọ sí mọ́ṣáláṣí, torí ẹni tó ríran ni.

Mo ti lọ yá irin tín-ín-rín lọ́wọ́ alágogo kan níbí. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́ńsì náà wà níwájú mi, mo ti dẹ nọ́ọ̀tì méjì. Ó ku ẹyọ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ èèyàn rí, ẹ sọ fún mi, ṣé kí n dẹ̀ ẹ́, àbí kí n tún àwọn méjì tí mo ti dẹ̀ dè? Bó bá sì na kámẹ́rà sí mi lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, tó ní, "Sàrátù, ṣé ó mọ́?", kí ni kí n sọ?