Ilé Ìyá Àánú Tí Mo Gbà Nígbà Tó Lọ Wẹ Ọmọ

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Àlejò ni mo jẹ́ nínú ìjọ yín, Àkúrẹ́ ni mo ti wá sí Oǹdó láàárọ̀ yìí. Ẹ rò pé mo fẹ́ jẹ́rìí lórí iṣẹ́ abẹ tí Olúwa mú mi là já ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Èmi, Kọ́láwọlé Oríọlá, ni mo gba ilé mọ́ ìyá tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn lọ́wọ́, Ìyá Àánú. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀, àfi bó ṣe ń gbọ́ ọ báyìí.

Lójú ọ̀nà Oda ní Àkúrẹ́ ni ìjọba kọ́ àwọn ilé kéékèèké kan sí fún àwọn tí apá wọn kò ká owó ilé. Èmi ni wọ́n fi ṣe alábòójútó ibẹ̀. Àwọn olówó a máa forúkọ tálákà gba ilé, wọn a sì tì í pa, nítorí náà òfin kan wà pé ilé tí ẹnikẹ́ni kò bá sùn sí fún oṣù mẹ́ta, kí n fi tó ọ́fíìsì létí, kí wọ́n gbé e fún aláìní mìíràn. Òfin gidi ni. Èmi ni mi ò ṣe gidi.

Opó ni Ìyá Àánú, aṣọ ló ń fọ̀ fún àwọn èèyàn kó tó jẹun. Nígbà tí Àánú ọmọ rẹ̀ bí ìbejì níbí, ó ní láti wá wẹ àwọn ọmọ. Ìyá wo ni kò ní lọ? Ó kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá Ìrètí, ẹ bá mi wo ulé mi o. Ẹ máa ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Òfin yẹn ńkọ́?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, ta ló ń bá ẹni tó lọ wẹ ọmọ ṣẹjọ́? Ẹ lọ fọkàn balẹ̀."

Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ilé tí mo háyà ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ń jò, onílé sì ń bú mi lójú ọmọ mi. Bí mo bá lọ ṣí fèrèsé ìyá nírọ̀lẹ́, màá jókòó díẹ̀ nínú pálọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ tutù, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ojú mi wọ ilé náà. Ọ̀kan nínú ìbejì ń ṣàìsàn, ìyá sì pẹ́ ju oṣù mẹ́ta lọ. Nígbà tí àwọn ọ̀gá wá wo ilé, wọ́n bi mí pé, "Ta ló ń gbébí?" Mo ní, "Kò sẹ́nìkankan, sà. Ìyá náà ti kó lọ pátápátá." Orúkọ ìyàwó mi, Fọláṣadé, ni mo fi gbà á.

Ó ku èyí tó burú jù. Ìyá dé, ó bá ẹrù rẹ̀ ní bàráńdà ọ́fíìsì. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí mi. "Bàbá Ìrètí, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọmọ ni mo lọ wẹ̀." Ọ̀gá ní kó dúró síta. Mo wọlé, mo ní, "Irọ́ ló ń pa, sà. Ó sọ fún mi pé òun ò padà mọ́." Mo jáde, mo fajú ro. "Màmá, mo sọ ọ́ títí, wọn ò gbọ́." Ẹ̀yin ará, ó fi ọwọ́ méjèèjì súre fún mi kó tó padà sọ́dọ̀ Àánú níbí. Ẹni ibi ni mí.

Nígbà tí Fọláṣadé mọ bí mo ṣe rí ilé, ó mú ọmọ wa, ó lọ Ọ̀wọ̀. Mi ò lè bá aládùúgbò jókòó, kí wọ́n má baà béèrè ìyá lọ́wọ́ mi. Èmi nìkan ni mò ń sè, èmi nìkan ni mò ń jẹ. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì ní kí n dárúkọ èèyàn mi kan. Mi ò rí ẹni tí màá dárúkọ. Mo sunkún bí ọmọdé.

Mo ti lọ jẹ́wọ́ ní ọ́fíìsì. Wọ́n ti yọ mí níṣẹ́, ó sì tọ́ sí mi. Wọ́n ní bí mo bá kàn kó jáde, ẹlòmíràn ni ilé náà máa kàn, àfi kí ìyá wá fúnra rẹ̀, kí n sì sọ òótọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n pè wá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣọ́ ohun aláìní, ẹ má jẹ́ kí ojú yín wọ̀ ọ́.

Ìyá, ẹ ò tíì gbójú sókè. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Ẹ ṣáà wá gba ilé yín. Bí ẹ ò bá fẹ́ bá mi wọ mọ́tò kan náà lọ́la, màá wọ èyí tó bá tẹ̀lé e.