Ọwọ́ Ta Ló Bo Ojú Ọmọ Náà?

Ẹ̀yin ará, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìtìjú ni mo gbé dìde síwájú yín. Gbogbo yín mọ̀ mí ní dókítà ojú, ẹ sì mọ̀ pé inú mi kì í pẹ́ bí. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Ìyá Bọ́lá tí wọ́n jókòó lápá ọ̀tún yìí mú Bọ́lá, ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, wá bá mi nílé ìwòsàn. Wọ́n ní ọmọ náà ń fi apá òsì kọlu ilẹ̀kùn ṣáá. Mo ti yẹ ojú ọmọ yìí wò nígbà tí a lọ sí ilé ìwé wọn, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú rẹ̀ méjèèjì dáa. Ni mo bá gbaná jẹ. Mo ní, "Ìyá Bọ́lá, ṣé ẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni? Ẹ sọ fún un kó máa wo iwájú rẹ̀." Mi ò tilẹ̀ ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n fa ọmọ wọn lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Lọ́jọ́ kejì, a gbààwẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa yẹn, inú ṣì ń bí mi sí obìnrin náà, oorun sì gbé mi lọ.

Ọkùnrin gíga kan dúró tì mí. Ó ní, "Dìde." Mo bi í pé níbo là ń lọ, ó ní, "Tẹ̀lé mi." Bó ṣe ṣe mí nìyẹn títí a fi parí ìrìn náà, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dákẹ́. Ó sú mi pátápátá.

Ibi tó kọ́kọ́ mú mi dé tutù, ó sì mọ́lẹ̀. Àwọn olóòótọ́ jókòó sábẹ́ igi, ara tù wọ́n, kò sí ẹni tó ń kánjú. Mo rí ọ̀gá mi obìnrin tí wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ ojú, tí wọ́n ti di olóògbé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi. Bọ́lá ńkọ́? Ọwọ́ ta lo fi bo ojú rẹ̀?" Kí n tó lanu, ọkùnrin yẹn ti ń fà mí lọ. Mo bínú, mo ní kó jẹ́ kí n dá ọ̀gá mi lóhùn. Ó ní, "Wàá dáhùn níwájú."

Ni ilẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo rí àwọn òpùrọ́ tí ahọ́n wọn gùn débi pé wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo rí àwọn tó ń ro àgbo olóró sójú ọmọ ọlọ́mọ, tí wọ́n ń pè é ní oògùn, iná ń jó nínú ẹyinjú wọn, wọ́n ń wá omi, kò sómi. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Àìmọye ìgbà ni mo ti fọ irú àgbo bẹ́ẹ̀ kúrò lójú ọmọ tó ń ké. Mo ní, "Ó tọ́ sí yín."

Lẹ́yìn wọn ni mo rí bẹ́ǹṣì gígùn kan tó pọ́n bí ẹyin iná, àwọn tó jókòó síbẹ̀ wọ kóòtù funfun bíi tèmi, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ara wọn bo ojú, àtẹ́lẹwọ́ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń fà á, awọ ń bá a bọ̀, wọ́n ń ké, wọ́n ń ka lẹ́tà ìdánwò ojú tí wọn ò rí, bí wọ́n bá ṣì í kà wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, mo yíjú sí ọkùnrin náà, mo bi í pé:

"Ta ni àwọn wọ̀nyí?"

"Àwọn tó kọ ọ́ pé 'ó ríran' láì wò ó dáadáa."

Mo fárígá. Mo ní èmi wo Bọ́lá dáadáa, ó fi ojú ọ̀tún ka lẹ́tà, ó fi tòsì kà á, kò ṣì í. Ọkùnrin náà ní, "Nígbà tó ń fi tòsì kà, ọwọ́ ta ló bo tọ̀tún?"

Ọwọ́ Bọ́lá fúnra rẹ̀ ni. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni pé ọmọdé kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo ojú, àárín ìka ni yóò ti yọjú, kò sì ní mọ̀ pé òun ṣẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ dókítà la fi ń bò ó. Ṣùgbọ́n ìlà gùn lọ́jọ́ náà, oòrùn ń pa mí. Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn ọmọ pọ̀, èmi nìkan sì ni. Ó ní, "Mi ò bi ọ́ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó."

Ẹnìkan lórí bẹ́ǹṣì gbọ́ ohùn mi. Ó ní, "Ẹ sún díẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà jókòó." Wọ́n sì sún. Mo figbe ta, mo jí.

Mi ò dúró ṣínu. Ilé Ìyá Bọ́lá ni mo gbà lọ tààrà. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi bo ojú ọ̀tún ọmọ náà, mo ní kó ka ìka tí mo nà sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọwọ́ mi. Ó ní, "Dókítà, ẹ yọwọ́, ilẹ̀ ti ṣú."

Ojú òsì yẹn ò tíì fọ́. Ọpọlọ ló pa á tì, tó gbára lé ìkejì. Bí ọmọ bá ṣì kéré, tí a fún un ní awò ojú, tí a bo ojú tó dáa, èyí tó sùn lè jí. Bí ó bá dàgbà kọjá ìgbà náà, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àkókò kékeré tí ọmọ yìí ní, èmi ni mo fi apá kan nínú rẹ̀ ṣòfò.

Ẹ̀yin tí wọ́n fi ọmọ lé lọ́wọ́, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, òbí, ẹ bẹ̀rù ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ láì wò. Mo ti dọ̀bálẹ̀ bẹ Ìyá Bọ́lá. Wọ́n ní, "Mo ti dárí jì yín, Dókítà. Ẹ ò tíì bẹ Bọ́lá."

Bọ́lá ló jókòó níwájú yìí, tí mo fi bándéèjì bo ojú ọ̀tún rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn mi, kò mọ ibi tí mo dúró sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀ lọ bá a.