Ọwọ́ Tí Màmá Kan Yá Láti Dìbò

Ìbò tó ṣáájú òmìnira ku ọ̀la, mo sì wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti Kàbà lọ sí Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, nígbà tí ìyá aláṣọ kan àti ọ̀dọ́kùnrin tí kò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ilé ni mò ń lọ dìbò, Màmá."

"Okun o, mo kí ọ, ọmọ mi. Wọn ò jẹ́ kí àwa obìnrin Òkè-Ọya dìbò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó lọ́kọ sí Èkìtì máa dì í, bẹ́ẹ̀ bàbá kan náà ló bí wa!"

"Tí wọ́n bá gbà fún yín, kí lẹ máa bèèrè?"

"Jókòó dáadáa! Kí ilé ìwé di ọ̀fẹ́ níbí bíi ti Èkìtì. Kí wọ́n da ọ̀dà sójú ọ̀nà yìí, ìdí mi ti bó. Kí wọ́n máa fi èdè wa dájọ́ ní kóòtù, kí n lè mọ ohun tí mo jẹ̀bi ẹ̀!"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ó ti pọ̀ jù fún ìbò kan."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Yá mi ní ọwọ́ rẹ." Ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú gírígírí. "Títí dọ̀la, tèmi lọwọ́ yìí. Má fi họra. Ẹni tó máa fi àwọn ọmọ mi sílé ìwé ni kó dìbò fún."

Ọkùnrin náà wo ojú màmá, ẹ̀rín rẹ̀ dáwọ́ dúró. "Mo yá yín, Màmá."

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ òsì ló fi gbé ẹrù rẹ̀, ó na ọ̀tún sókè gbọọrọ láàárín èrò. Màmá yọ orí jáde, ó ń pariwo: "Ẹ yà lọ́nà o! Ọwọ́ mi ló ń kọjá!"