Ata Díndín Lórí Òkè Yìnyín

Halelúyà! Ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ́ kí n dá ariwo yìí pa o! Halelúyà! Ọlọ́run tó ń gbọ́ igbe inú kìṣíìnì, èmi ìránṣẹ́bìnrin Rẹ dé o! Ọmọ tí ǹ bá máa sunkún rẹ̀ lónìí, òun ló jókòó sí ìlà ẹ̀yìn yẹn. Ẹ yíjú wò ó. Ó wọ kóòtù òtútù nínú ooru Atlanta. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Pásítọ̀, mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má pẹ́. Màá gbìyànjú, sà.

Ẹ mọ Mosún, àkọ́bí mi. Tucker níbí ló dàgbà sí. Àwọn ọmọ yín ń ṣe nọ́ọ̀sì, wọ́n ń ṣe lọ́yà. Tèmi ní ojú ọjọ́ lòun fẹ́ máa wò. Ojú ọjọ́! Mo figbe ta. Bàbá rẹ̀ ní, "Ìyá Mosún, jẹ́ kí ọmọ ṣe ohun tó wù ú." Ó kàwé rẹ̀ parí, ni wọ́n bá gbà á síṣẹ́ lórí òkè kan lọ́nà jíjìn, ní ìhà àríwá. Wọ́n kọ́ ilé kan ṣoṣo sórí òkè ọ̀hún. Àwọn mẹ́ta ló máa ń gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn mìíràn tó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wákàtí wákàtí ni ẹnìkan máa ń jáde, ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ ìjì. Á wo bí òtútù ṣe tó, á fi ọ̀pá irin gbá yìnyín tó lẹ̀ mọ́ àwọn ẹ̀rọ wọn dànù, á rìn lọ síbi agolo tó ń gba òjò àti yìnyín, á gbé e wọlé wá wọ̀n.

Látọjọ́ tó ti débẹ̀ lojú oorun mi ti dá. Bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé àwọn arúgbó, fóònù ni mò ń wò. Ni Mosún bá sọ lọ́jọ́ kan pé àwọn kan máa ń yọ̀ǹda ara wọn láti wá dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní, "Kí ló dé tó ò sọ ọ́ látijọ́ yìí?" Ó ní, "Mummy, nítorí mo mọ̀ pé ẹ máa wá ni."

Mo gba vacation, mo lọ.

Ẹ mọ bí April ṣe ń rí níbí. Òdòdó ti yọ, lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò ti bo gbogbo mọ́tò, gbogbo wa ń sín. Mosún ní kí n kó aṣọ òtútù dání. Òtútù wo? Ṣebí Amẹ́ríkà kan náà la jọ wà? Mo kó ìró, mo kó sálúbàtà, mo fi àyè tó kù nínú àpótí kó ata gbígbẹ, irú, àti epo. Ó dára. Nísàlẹ̀ òkè, níbi tí Mosún ti wá pàdé mi, koríko tutù yọ̀yọ̀. Mo bojú wo Mosún, mo ní ṣé o rí i? Ọkọ̀ tó ń gbé wa gòkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bíi ti katakata. Bá a ṣe ń gòkè ni igi ń kúrú sí i, títí igi fi tán, tí gbogbo ilẹ̀ wá funfun báláú. Mo wo sálúbàtà ẹsẹ̀ mi. Mosún náà wò ó. Ó yọ bàtà òtútù kan látinú àpò rẹ̀, ó gbé e fún mi. Ó mọ irú ìyá tó ní.

Ọjọ́ kejì dára. Oòrùn yọ, yìnyín orí òrùlé ń ro tó tó tó, òkè lórí òkè là ń wò lójú fèrèsé. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn, òyìnbó onírùngbọ̀n kan tó ń jẹ́ Kévìn, ní kí n má fọkàn tán an, pé ojú ọjọ́ ibẹ̀ nígbà yìí lè yí padà kí èèyàn tó mu tíì rẹ̀ tán.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ata. Ohun tó ń fa ìjà láàárín èmi àti Mosún láti kékeré nìyẹn. Bí mo bá ti gbé epo kaná, á ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ gbọn-in, á wé kóòtù rẹ̀ sínú ọ̀rá. Ó ní wọ́n ń sọ ní school pé òun ń rùn. Mo máa ń bínú. Òórùn oúnjẹ tó tọ́ ẹ dàgbà lò ń pè ní rírùn?

Lọ́jọ́ Fúráìdé, mo wò ó pé àwọn èèyàn yìí ti jẹ ọbẹ̀ inú agolo títí, ara wọn ń fẹ́ oúnjẹ gidi. Ni mo bá da ata sínú epo gbígbóná. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ àlámù tó ń kéde èéfín figbe ta! Kévìn ń wúkọ́, Sára tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ń wúkọ́, omi ń bọ́ lójú gbogbo wa. Mosún já wọlé. "Mummy! Mo ti bẹ̀ yín! Ibi iṣẹ́ mi nìyí o!" Ó sì ti tó àkókò tó yẹ kó jáde. Ó já kóòtù rẹ̀ lára ilẹ̀kùn kìṣíìnì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí bíi pé kó sunkún, ó ṣílẹ̀kùn, ó lọ. Rédíò tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá wà níta, orí tábìlì ló wà.

Mo pa iná. Mo jókòó.

Kùrukùru ti sọ̀ láti ọ̀sán. Bó ṣe jáde ló tún ki sí i, yìnyín ń já bọ́ nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń súfèé. Nǹkan tí kì í pẹ́ rárá ni kí èèyàn lọ gbé agolo wá. A retí, a retí. Kévìn bá rí rédíò lórí tábìlì. Ojú rẹ̀ yí padà. Mo rí ojú yẹn, mo dìde.

Òun àti Sára so okùn mọ́ra wọn, wọ́n jáde, wọ́n ń pariwo orúkọ ọmọ mi. Afẹ́fẹ́ ń gbé ohùn wọn lọ. Wọ́n padà wá ní funfun láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn nìkan. Kévìn ní, "Mà, mi ò rí ọwọ́ ara mi níta. A dé ibi agolo, kò sí níbẹ̀. Ó ti gbé e, àmọ́ ó ṣìnà nígbà tó ń bọ̀. Mo ti pe àwọn adóòlà ẹ̀mí nísàlẹ̀ òkè. Wọ́n ń bọ̀, ṣùgbọ́n nínú èyí, ó máa pẹ́." Mo bi í pé apá ibo ni ilẹ̀ ti gé di ọ̀gbun lórí òkè yìí. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ yẹn."

Yéè! Mo pe bàbá rẹ̀. "Dádì Mosún, wọn ò rí ọmọ o!" Ó ní, "Ìwọ gbàdúrà níbẹ̀. Mo ń pe Pásítọ̀." Ẹ̀yin ará, ìpè àdúrà ọjọ́ náà nìyẹn. Ó bá ẹlòmíì nínú yín lẹ́nu shift, ó bá Aunty Bùnmi nínú mọ́tò ní Riverdale, wọ́n ní ó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń ké. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun.

Ẹ jẹ́ n sòótọ́, èmi ò lè gbàdúrà. "Jésù, Jésù" ni mò ń pè, ẹnu mi ò lè kọjá ibẹ̀. Ata mi ló lé e jáde. Ata mi ni! Mo fẹ́ sá síta, Sára dì mí mú. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé bí ẹ̀rù bá ń bà mí, ìdí iná ni mò ń lọ. Lọ́jọ́ tí ìyá mi kú, ẹ̀wà ni mò ń ṣà. Mo wo ìkòkò. Ata yẹn ò tíì jinná. Mo ní bí ọmọ yìí bá dé, òtútù á ti mú un, ebi á ti pa á, kí ló máa jẹ? Mo tan iná padà.

Ó jọ ìwà wèrè, mo mọ̀. Àlámù tún bẹ̀rẹ̀. Sára sáré wọlé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́!" Mo kígbe mọ́ ọn pé, "Ọmọ mi máa jẹun lónìí!" Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohun tó wà lójú mi. Ó na ọwọ́ sókè, ó tan fáànù tó ń fa èéfín síta, ó sì ń bá mi sunkún. Mo da ata sí i. Mo tún dà á sí i. Gbogbo ata tí mo gbé láti Tucker ni mo dà tán sínú epo yẹn. Mò ń ro ó, mò ń wúkọ́, mò ń sọ pé, "Jésù, ọmọ mi máa jẹun lónìí."

Nǹkan kan bá dún gbì lára ilẹ̀kùn.

Kévìn fò dìde, ó ṣí i. Mosún ṣubú wọlé! Halelúyà! Yìnyín wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, ètè rẹ̀ ti dúdú, agolo yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀! Ó wúkọ́, ó tún wúkọ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó tẹnu rẹ̀ jáde ni, "Mummy, ata yín ti pọ̀ jù."

Mo pariwo débi pé ohùn mi ò jáde fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Nígbà tí ara rẹ̀ móoru ló sọ ọ́ fún wa. Yìnyín ti bo àwọn òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti fi mọ ọ̀nà, funfun ń wo funfun. Ó ti rìn kọjá ilé láìmọ̀. Ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí apá ibi tí ilẹ̀ ti gé, ó rò pé ilé lòun ń lọ. Ló bá gbóòórùn ata. Ó kọ́kọ́ rò pé kóòtù òun ni, inú tún bí i sí mi. Ṣùgbọ́n bó bá kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, òórùn náà á dín kù. Bó bá kọjú sí i, ó ń ta á nímú. Ó ní, "Mummy, mo wá mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé e bọ̀ láti ilé. Mo kọjú sí i, mo ń rìn, mo ń wúkọ́." Ìgbà tó bá dín kù, á dúró. Ìgbà tó bá tún ta á, á gbẹ́sẹ̀.

Dókítà tó wò ó nísàlẹ̀ òkè ní òtútù ti mú ìka ọwọ́ rẹ̀ méjì débi pé wọ́n ń ba òun lẹ́rù. Ó ní bó bá pẹ́ níta jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ọ̀rọ̀ ìka kọ́ là bá máa sọ. A fi ẹ̀rù sùn, a fi ẹ̀rù jí. Dókítà tú báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀ wò, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ti padà sí i." Ẹ bá mi yìn ín! Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá! Mosún, gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n rí i!

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí ọmọ, tí ẹ ń retí ìwé ìgbélùú, tí ẹ ń retí èsì dókítà, tí àdúrà ò sì wá sẹ́nu yín mọ́, mo mọ bó ṣe ń ṣeni. Ẹ má jókòó sínú ẹ̀rù. Ẹ tan iná yín. Ẹ se oúnjẹ ẹni tí ẹ ń retí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó tutù kí ẹni náà tó dé.

Mo ti fẹ́ jókòó, sà. Sátidé tó kọjá, mo gbé epo kaná nílé. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Mosún, mo ní ó ń lọ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nìyẹn. Ó gbé kóòtù rẹ̀ wá, ó fi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Mo ní, "Mosún, á rùn o." Ó ní, "Mummy, ẹ jẹ́ kó rùn. Mọ́ńdè ni mò ń padà sórí òkè."

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì í, tí imú ń ta yín láti àárọ̀, ẹ má bínú. Ẹ fara dà á fún mi. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.