Èmi Ni Mo Gbé Ojú Alhaja Modinat Sórí Búlọ́ọ̀gù

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin òǹkàwé mi, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò lè gbé inú mi mọ́. Ìyá Ojú-Ń-Rí tí ẹ ti ń kí ní "Mama, ẹ kú iṣẹ́" láti ọdún tó kọjá, kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyé. Èmi ni. Èmi Olúmúyìwá, ọkùnrin onírùngbọ̀n, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Ṣakí, tó ń to ìwé lórí kọ̀ǹpútà nílé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye, ní Ṣómólú. Ẹ má tíì bú mi. Ibi tí èébú ti tọ́ sí mi ṣì wà níwájú.

Nígbà ìjọba ológun, ẹ̀rù ló pa ẹnu wa mọ́. Alágbádá dé, ẹnu là, mo wá rí i pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ tèmi. Lọ́dún 2008 mo ṣí búlọ́ọ̀gù, mo ń bú àwọn olóṣèlú ní gbólóhùn tó gùn ju ojú irin lọ. Òǹkàwé mẹ́rin péré ni mo ní, èmi fúnra mi sì ni méjì nínú wọn. Kamaldeen tó ni kafé íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bá mi wò ó. Ó ní, "Bọ̀dá Múyìwá, ṣé ẹ fẹ́ kí èèyàn kà á ni, àbí ẹ fẹ́ fi jẹ wọ́n níyà? Ẹ gé ọ̀rọ̀ yín kúrú. Ẹ jẹ́ kí àkọlé sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ ìtàn àdúgbò. Ẹni tó bá kọ̀wé sí yín, ẹ dá a lóhùn. Paríparí rẹ̀, ẹ fi fótò yín síbẹ̀. Ta ló máa gba ọ̀rọ̀ ẹni tí kò fojú hàn gbọ́?" Ìmọ̀ràn rere ni. Mo gba mẹ́rin, mo ba ìkarùn-ún jẹ́.

Àwa tí à ń tẹ̀wé máa ń mọ ọ̀rọ̀ ṣáájú ẹlẹ́nu. Ẹni tó fẹ́ fẹ́yàwó kejì, ọ̀dọ̀ wa ni káàdì ti ń jáde. Fótò oníbàárà sì kún kọ̀ǹpútà wa bí ẹja inú agbọ̀n. Ibẹ̀ ni mo ti rí ti Alhaja Modinat, opó tó ń yan ẹja ní Ìlàjẹ, tó gbé e wá fún ìwé àdúrà ọdún kan tí ọkọ rẹ̀ kú. Ó bo ìbòrí funfun, ó ń wo èèyàn bí ẹni tó mọ ohun tí o ṣe lánàá. Mo ní, ojú tí mò ń wá rèé! Mo gbé e sórí búlọ́ọ̀gù, mo sọ ọ́ ní Ìyá Ojú-Ń-Rí. Olè ni mí, mo kàn mọ kọ̀ǹpútà lò ni.

Ìtàn kẹta ló dá ogun sílẹ̀. Mo kọ ọ́ pé onílé kan ní Abúlé Òkúta tẹ káàdì ìkómọ, ìyàwó rẹ̀ nílé kò sì mọ ẹni tó bímọ. N kò dárúkọ. Ta ló nílò orúkọ ní Abúlé Òkúta? Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìyàwó onílé náà, Bàbá Ikúmápàyí, ti bá káàdì lápò ọkọ rẹ̀. Wọ́n wá ń wá ẹni tó tú àṣírí. Ẹnìkan ṣí búlọ́ọ̀gù, ta ni wọ́n rí? Alhaja Modinat, tó ti ń gbé yàrá nílé Bàbá Ikúmápàyí láti ọdún mọ́kàndínlógún! Láti ọjọ́ náà, bó bá dé ibi ẹ̀rọ omi, ọ̀rọ̀ á gé. Ẹni tó ń ṣa ìrẹsì á gbé àwo rẹ̀ wọlé. Wọ́n á ní, "Ẹ rọra o, íńtánẹ́ẹ̀tì ń bọ̀!" Bàbá onílé fún un níwèé pé kó kó jáde.

Ó gbé ojú ewé búlọ́ọ̀gù tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà wá bá mi. "Múyìwá, ta ló ṣe mí báyìí?" Mo ní, "Alhaja, yàtọ̀ sí àwa, ta lẹ tún fún ní fótò yìí?" Ó ní, "Rashidat ọmọ mi nìkan." Mo mi orí. Orí lásán ni mo mì o, n kò sọ̀rọ̀! Bó ti ń lọ, ó fún mi lẹ́ja yíyan méjì. Ó ní, "Gbogbo ayé ló ń sá fún mi, ìwọ nìkan lò ń dá mi lóhùn." Mo fi ẹja náà jẹ ẹ̀bà. Ó dùn.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú sí? Ìyá àti ọmọ jà, Rashidat kó lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́, mo jókòó, mo sọ ìjà wọn di ìtàn, mo fi ojú ìyá náà ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ló kà á. Mo dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí Kamaldeen ṣe kọ́ mi.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, Rashidat wọlé wá. Mo rò pé ó ti mọ̀, mo ti ń wo ojú fèrèsé. Àfi bó ṣe na bébà kan sí mi: "Bọ̀dá, ẹ bá mi tẹ igba ẹ̀dà." Mo kà á. "Èmi Rashidat ni mo kọ ọ̀rọ̀ inú íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìyá mi kò mọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé wọn nílé."

Mo ní, "Ṣé ìwọ lo kọ ọ́ ni?"

"Èmi? N kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ rí ẹnìkan mú."

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo tẹ "Èmi", ọwọ́ mi kọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni wọ́n gbé wá pé kí n tò, kí n fi orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sí i! Mo fi tèmi sí i, mo tẹ ẹyọ kan, mo nà án sí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbájú tó tẹ̀lé e, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù òdìkejì rò pé ẹ̀rọ gígé bébà wa ló já.

A jọ lọ bá ìyá rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alhaja kò pariwo. "Ibo lo kọ tàkọ́kọ́ sí? Ibẹ̀ ni kó o lọ kọ eléyìí sí." Mo lọ bá Bàbá Ikúmápàyí, mo jẹ́wọ́. Ó fẹjú mọ́ mi: "Irọ́! Kí ni ìyá yẹn fún ọ jẹ tó o fi wá ru ẹ̀bi rẹ̀?" Mo rántí ẹja méjì náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ búlọ́ọ̀gù, ẹ gé ọ̀rọ̀ kúrú, ẹ dá òǹkàwé lóhùn. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ẹ kò lè kà sókè lójú ẹni tó ni ín, ẹ pa á rẹ́.

Sátidé yìí ni wọ́n fẹ́ lé Alhaja. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ṣómólú àti Bàrígà, ẹ wá sílé Bàbá Ikúmápàyí laago mẹ́wàá àárọ̀. Kamaldeen á gbé kọ̀ǹpútà wá, màá fi ọ̀rọ̀ aṣínà tí èmi nìkan mọ̀ ṣí búlọ́ọ̀gù yìí lójú gbogbo wọn, kẹ́ ẹ bá mi jẹ́rìí. Ẹ foríjì mí bẹ́ ẹ bá lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ Alhaja. Ẹ ní èmi ni mo rán yín. Tó bá jẹ́ Rashidat lẹ bá lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dárúkọ mi.